Ìkòkò Kan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Irin

Olùkọ́ ni mí. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń ka orí àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àdúgbò Titirou ní Parakou. Mo ń kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá wọlé, mo tún ń kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ti ibi eré dé, torí ọkàn mi kì í balẹ̀ tí n kò bá mọ̀ pé wọ́n pé. Àmọ́ tí mo bá ti délé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo ní láti gbàgbé pé mo mọ ìṣirò. Ìyá mi kò gbà kí a ka ènìyàn. Ẹ bi í pé ọmọ mélòó ló bí, á ní, "Wọ́n pọ̀, ọpẹ́ ni." Ẹ tún un bi, á bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ rà wọ́n ni. Kódà tó bá ń bu oúnjẹ, àwo ló máa ń tò sílẹ̀, kì í ka ẹnu.

Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé òmùgọ̀ ni wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ dáadáa nìkan ló ti lè ṣẹlẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Láti Ṣábẹ̀ ló ti wá, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló ń ṣe, Parakou ni irin sì parí sí. Ó máa ń sọ pé ibi tó ti rẹ irin lòun kọ́lé sí, kí òun náà lè jókòó. Ó jókòó lóòótọ́. Èmi ni n kò jọ ọ́. Ìyá ní wọ́n bí mi nígbà tí ọkọ̀ ń fọn fèrè, pé ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi kì í fi í gbélẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọkọ̀ náà kò ti wá mọ́. Koríko bo irin, ewúrẹ́ ń sùn sáàárín rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń sá èlùbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí òkúta ti ń gbóná. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ń jẹ mí lọ́kàn, orí irin yẹn ni mo máa ń gbà lọ, n óò máa ka àwọn ìdábùú tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí ara mi yóò fi rọ̀.

Agbàlá ló wà láàárín ilé, yàrá yí i ká. Ìyá wà níwájú. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Malanville, wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni apá òsì. Ó ti kú, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ló kù síbẹ̀. Èmi àti ọmọbìnrin mi wà lẹ́yìn, láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ọkọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà láyé, ààrò kan ni gbogbo wa fi ń dáná. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ àti ìyá mi fi ní gbólóhùn asọ̀ lórí iyọ̀. Ìyá ní iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ní ṣé ó fẹ́ pa àwọn tó kù ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ lè gbé mì. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó wa wá òkúta mẹ́ta, ó to ààrò tirẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, ó fi ìṣáná dá iná sí i. Nílé wa, ìyàwó tó bá fẹ́ ní ààrò tirẹ̀, ìyá ọkọ ló ń fi àpáàdì bu ẹyin iná fún un láti inú iná tirẹ̀, kí gbogbo ilé mọ̀ pé wọn kò jà. Ìyàwó wa kò dúró gba iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ìyàwó àbúrò mi náà to tirẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn, torí n kò lè máa dúró de ìgbà tí ọbẹ̀ ẹlòmíràn yóò jinná. Bí a ṣe di alááàrò mẹ́rin nìyẹn.

Ìyá kàn ń se oúnjẹ lọ nínú ìkòkò ńlá rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á bu àwo kan ránṣẹ́ sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. A ti jẹun yó tiwa, a ó tún jẹ tirẹ̀. Nítorí àwo mẹ́ta yẹn, lójú tirẹ̀, inú ìkòkò kan la ṣì ti ń jẹun.

Nígbà náà ni wọ́n pè wá sí ìpàdé nílé olórí àdúgbò. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin máa padà wá, àwọn bọ́ọ̀sì máa wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì dáa kí ilẹ̀ tó sún mọ́ ojú irin jẹ́ ti ilé pẹlẹbẹ àti agbàlá. Wọ́n á wó gbogbo rẹ̀, wọ́n á kọ́ ilé olókè tí ènìyàn máa pọ̀ nínú rẹ̀, kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n gbé àwòrán kan kọ́ sára ògiri. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òdòdó wà ní ojú fèrèsé wọn. Mo wo àwòrán yẹn títí, n kò rí odó kan níbẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi nawọ́, ó bi wọ́n pé ṣé ènìyàn lè gúnyán ní àjà kẹta. Ní Parakou, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ọ̀gá tó ń sọ̀rọ̀ ní àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di òní, a ṣì ń retí èsì.

Ohun kan tí mo gbọ́ kedere lọ́jọ́ náà ni pé àwọn tí wọ́n bá wó ilé wọn ló máa kọ́kọ́ ní àyè nínú ilé tuntun. Wọ́n máa wá sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ààrò kan, ilẹ̀kùn kan ni òfin wọn. Àwọn tó bá ń dáná pọ̀ á gba ilé kan, àwọn tó bá ń dá dáná á gba tiwọn lọ́tọ̀. Òfin yẹn tètè yé mi, mo sì rò pé ó yé gbogbo ilé.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán sí wa. Gúúsù ló ti wá, Faransé àti Fọn nìkan ló gbọ́, kò gbọ́ Dendi tí ìyá mi fi ń nájà ní ọjà Arzèkè. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Mo ní ìpàdé níléèwé, mo sì ti pe zémì, ọlọ́kadà náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń fọn fèrè. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

Ọmọbìnrin náà kí Ìyá dáadáa, ó gba omi, ó mu. Ó ní, "Ẹ bá mi bi Màmá pé ènìyàn mélòó ló ń gbé nínú ilé yìí."

Mo bi Ìyá.

"Sọ fún un pé a pọ̀. Ọpẹ́ ni."

"Iye ló fẹ́, Ìyá."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé wọn ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé wọn ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọbìnrin náà kò bínú. Ó jọ pé ilé tiwa kọ́ ni àkọ́kọ́. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a fi orí kíka sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ìkòkò mélòó ló ń hó nínú ilé yìí."

Ìyá na ẹ̀yìn rẹ̀ ró. "Ìkòkò kan," ó ní. "Ilé bàbá wọn ò tú. Ìkòkò kan la jọ ń jẹ."

Èéfín mẹ́rin ń lọ sókè nínú agbàlá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró síwájú ààrò rẹ̀ pẹ̀lú igbakọ lọ́wọ́, ó ń wò mí. Zémì tún fọn fèrè. Ọmọ wo ló máa dúró níwájú àlejò kó ní irọ́ ni ìyá òun ń pa? Mo wo ọmọbìnrin náà lójú, mo ní, "Ọ̀kan ni."

Ó wo èéfín, ó wò mí. "Ṣé ó dá yín lójú, metirésì?" ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin ní Faransé.

"Ó dá mi lójú."

Ó tẹ ohun tó tẹ̀ sórí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, Ìyá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo sì sáré gun zémì. A ò tíì kọjá ọjà tí mo fi mọ ohun tí mo ti ṣe. Mo ní kí ó yà padà. Ó ní níbo, mo ní kó máa lọ. Mo ń bínú sí Ìyá, mo ń bínú sí ọmọbìnrin náà, mo ń bínú sí fèrè zémì. Ó gba àkókò kí n tó rántí bínú sí ara mi.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, n kò lè jókòó síbì kan. Mo ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀rín. Mo ń rin ojú irin láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń rìn ín tí mo bá dé. Mo ń ka ìdábùú, n óò ka iye kan, n óò gbàgbé, n óò padà sẹ́yìn lọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sá èlùbọ́ bi mí pé kí ni mo sọ nù. Mo ní kò sí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé ẹ̀rù ń bà mí, torí mo ń retí pé ọmọbìnrin náà ti fi ojú ara rẹ̀ rí èéfín.

Ohun tí a sọ fún un ló kọ. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri nílé olórí àdúgbò. Aládùúgbò wa tí yàrá rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ gba ilẹ̀kùn mẹ́ta. Mo fi ìka tọ ìlà tiwa: ààrò kan, ilẹ̀kùn kan, yàrá méjì àti pálọ̀. Mo kà á títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi ní kí n yẹ̀ fún òun.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un, ẹ̀rín tí kò dùn. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ó kù kí wọ́n sọ fún òun àwọn tó máa sùn sínú ẹwà náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí.

"Ọkọ mi," ó ní, torí bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, "mo ń wò yín lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ọ̀kan. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, inú ìkòkò wo lẹ kà wá mọ́?"

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní ta ló kọ́kọ́ gbé ààrò rẹ̀ kúrò, ṣebí òun ni. Ó dìde. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti gbọ́, òun á kó àwọn ọmọ òun lọ bá bàbá òun ní Ìdàáṣà kí wọ́n tó wá wó ilé. Kò pariwo. Ìyá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún un.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní a lè ṣe àtúnṣe, kò tíì pẹ́ jù. Wọ́n á rán ọmọbìnrin náà padà ní àsìkò tí wọ́n ń dáná, á fi ojú rí ààrò, ẹni tó ni ilé sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tó jẹ́. Mo padà délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún Ìyá.

"Kí n fi ẹnu ara mi sọ fún àlejò pé ilé mi ti tú?"

"Ilé ò tú, Ìyá. Ààrò ló pọ̀."

"Kí ló yàtọ̀ níbẹ̀?"

Mo ní tí kò bá sọ ọ́, àwọn ọmọ máa lọ. Ó ní òun mọ̀. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju kí a kí ara wa lọ, kò sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo gba irin lọ, mo gba irin bọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, oòrùn ti ń tutù kí ọmọbìnrin náà tó dé. Ìyá ti pàṣẹ láti ọ̀sán pé kí ẹnikẹ́ni má dáná. Ààrò tirẹ̀ nìkan ló ń jó, ìkòkò ńlá wà lórí rẹ̀. Mo rò pé ó tún fẹ́ sọ pé ọ̀kan ni.

Ó dìde, ó mú àpáàdì, ó bu ẹyin iná láti abẹ́ ìkòkò rẹ̀. Ó gbé e la agbàlá kọjá lọ sí apá òsì, ó dúró níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó wa wo iná náà, ó wo Ìyá, ó sì kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àpáàdì náà, ó da ẹyin iná sí àárín òkúta mẹ́ta tó ti fi ìṣáná tan iná sí fúnra rẹ̀ láti ìgbà yẹn.

"Ọ̀kan," ni Ìyá wí.

N kò gbọ́ ọ rí kó ka ohun tó jẹ mọ́ ènìyàn. Ó padà, ó bu iná, ó lọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó àbúrò mi. "Èjì." Ó tún bu iná, ó wá sọ́dọ̀ mi. Èmi náà kúnlẹ̀, ojú ń tì mí, omi sì wà lójú mi. "Ẹ̀ta."

Ọmọbìnrin náà ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. "Ti Màmá sì ni ẹ̀kẹrin," ó ní fún mi. Mo ti ya ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Ó bu omi nínú àmù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dà á sí iná tirẹ̀. Eérú fò sókè.

"Sọ fún un pé mẹ́ta ni," ó ní. "Èmi ò dá jẹ. Obìnrin tó bímọ, tó wá ń dá jẹun láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ìyá, ààrò kan, ilẹ̀kùn kan ni. Tí ẹ bá pa tiyín, ẹ ò ní ní ilẹ̀kùn nínú ilé náà."

"Mo gbọ́ ọ nígbà tí o kọ́kọ́ sọ ọ́. Wí i fún un bí mo ṣe wí i."

Kò sí zémì lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tó ń lé mi. Mo wo eérú tútù, mo wo àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń fẹ́ iná ìyá wọn, mo ní, "Mẹ́ta ni." Ó dùn mí ju ọ̀kan tí mo kọ́kọ́ sọ lọ, òótọ́ sì ni, ó di òótọ́ lójú wa níbẹ̀. Ìyá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ti wó ilé náà báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń po sìmẹ́ńtì ti gbé ilé tuntun dé àjà kejì, ilẹ̀kùn mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ tiwa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò sì lọ sí Ìdàáṣà mọ́. Àdúgbò Albarika ni gbogbo wa háyà ilé sí fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ènìyàn ń bi Ìyá pé ọ̀dọ̀ ta ló máa gbé tí ilé náà bá parí. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n bá gbà fún kó gbé odó gòkè ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó pa iná rẹ̀ yẹn ni n kò lè gbàgbé. Gbogbo wa dáná. Nígbà tó tó àkókò tí àwo máa ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kò sí àwo. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ ilá rẹ̀ lọ bá a. Ìyàwó àbúrò mi gbé ọbẹ̀ tòmátì, èmi gbé ọbẹ̀ ẹ̀pà. Ó to àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú. Lẹ́yìn náà ló fa ìkòkò ńlá tó ti tutù mọ́ra, ó da gbogbo rẹ̀ papọ̀ sínú rẹ̀, ó rò ó, ó ní kí a gbé iyán wa wá.

A jókòó yí ìkòkò yẹn ká sórí ilẹ̀, títí kan àbúrò mi. Ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá gbá a lọ́wọ́. Ọbẹ̀ náà kò ní orúkọ, iyọ̀ sì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbogbo wa mọ ọwọ́ tó fi iyọ̀ náà sí i. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba, kò lè gbé òkèlè dé ẹnu. Ìyá bu ọbẹ̀, ó jẹ, ó tún bu. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun.